Orin Yàrá Ìrọbí

Atúnkọ̀ǹpútàṣe kan dijú, ó tẹ̀ba, ó gbé etí lé nǹkan kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ. Bí obìnrin agbẹ̀bí kan ṣe bá a nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Orin ń jáde níbẹ̀, ó mọ́ gaara.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó parí ná," ni atúnkọ̀ǹpútàṣe náà wí. Kò tiẹ̀ lajú.

Inú ìbá bí agbẹ̀bí, àmọ́ ẹ̀rín ló pa á. Ó dúró. Nígbà tí orin parí, ó ṣàlàyé ohun tó bá wá: ẹ̀rù máa ń ba àwọn aboyún ní yàrá ìrọbí, orin ìbá tù wọ́n lára, àmọ́ iná kì í dúró.

"Kọ̀ǹpútà lèyí," ni ọkùnrin náà wí. "Iná tó ń jẹ kò tó nǹkan. Bátìrì kan á gbé e di ìrọ̀lẹ́."

Ó gbé e wá sí yàrá ìrọbí, ó so ó mọ́ sípíkà. Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń wá fi orin tuntun sí i.

"Ṣé orin ti tán nínú rẹ̀ ni?" ni agbẹ̀bí béèrè lọ́jọ́ kan.

"Kò tán. Ojú yín ni mo wá wò."

Àmọ́ nígbà tí ìyá tó bí agbẹ̀bí gbọ́ pé wọ́n ń fẹ́ra, ó fárígá. "Ọkùnrin tó ń fi nǹkan ìṣeré ọmọdé ṣiṣẹ́? Kò gbọdọ̀ wọlé mi!"

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ọkùnrin náà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, ó gba iṣẹ́ lọ sí ìlú òkèèrè. Síbẹ̀, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, orin kan á gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ inú kọ̀ǹpútà náà láìsí lẹ́tà. Agbẹ̀bí á gbé ọwọ́ lé sípíkà bó ṣe ń gbọ̀n rìrì, bí ẹni gbé ọwọ́ láyà èèyàn. Ọdún kan àtààbọ̀ rèé.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n agbẹ̀bí wá bímọ lọ́dọ̀ rẹ̀, ìyá wọn sì tẹ̀ lé e. Ìrọbí náà le. Òjò dé, iná lọ, orin nìkan ni kò dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n rọ̀ mọ́ orin náà, ó ń bá a mí, títí ọmọ fi ké.

Ìyá nu ojú. "Ta ló ṣe nǹkan yìí?"

"Ẹni tí ẹ ní kò gbọdọ̀ wọlé yín ni, Màmá."

Ìyá wo ọmọ tuntun náà títí. "Pè é."

Agbẹ̀bí gbé fóònù, ó pè é.

"Ṣé ẹ̀rọ yẹn bàjẹ́ ni?" ni ọkùnrin náà béèrè.

"Ẹ̀rọ ò bàjẹ́. Èmi ni mi ò gbádùn."

"Kí ló ń ṣe ọ́, olólùfẹ́ mi?"

Ìyá já fóònù gbà. "Ọmọ mi, èmi ìyá rẹ̀ ni. Kó àwọn èèyàn rẹ wá, ká jọ sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó."

Ariwo àga tó ṣubú ni wọ́n gbọ́ nínú fóònù, lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn dún gbàgà.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i?" ni ìyá béèrè.

Agbẹ̀bí ti ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. "Ó ti ń bọ̀ nìyẹn, Màmá."