Òjé Lára Aṣọ Gbénga

Èébú ni Mosúnmọ́lá fi pàdé ọkùnrin náà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìwádìí rẹ̀ ní yunifásítì, níbi tó ti ń yẹ omi wò bóyá òjé, májèlé inú irin, wà nínú rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, ta ló ní kẹ́ ẹ fi ìgò mínírà bu omi wá? Ṣé òjé ni kí n wá nínú rẹ̀ ni, àbí ṣúgà?"

Adégbénga bú sẹ́rìn-ín. Onne ló ti ń bọ̀, níbi tó ti ń ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára ọkọ̀ ojú omi. "Àǹtí, ẹ má bínú. Omi kànga wa ní Borokiri ni. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ sì máa bú mi lọ. Ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti fi Yorùbá bú mi ní Port Harcourt yìí."

Ó yẹ kó lé e. Kò lé e.

Láti ọjọ́ náà, bí Gbénga bá ti kúrò níbi iṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbà, tòun ti bọ̀ọ̀lì àti ẹja sísun. Mosúnmọ́lá á fọ́n omi sínú ọwọ́ iná, á máa yí ìmọ́lẹ̀ lésà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wá rédíò, títí yóò fi kan èyí tí òjé ń gbà. Bó ti wù kí òjé ọ̀hún kéré tó, á tàn padà, ìlà ojú kọ̀ǹpútà á sì fò sókè.

"Kò lè sá pa mọ́ fún ọ?" Gbénga béèrè.

"Kí ló lè sá pa mọ́ fún mi?"

"Ó dáa, èmi náà ò fi pa mọ́ mọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Mosún mi."

Inú Mosúnmọ́lá dùn dé ibi tí kò lè jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó fi ń wá òjé bẹ̀rẹ̀ wèrè. Omi tó mọ́ jù lọ ń fi òjé hàn. Dókítà Belema, ọ̀gá rẹ̀, lu tábìlì: "Mosún, this your machine dey lie!"

Mosúnmọ́lá tú ẹ̀rọ palẹ̀, ó fọ ìgò, ó pààrọ̀ páìpù. Òfo. Àfìgbà tó wòye pé ọjọ́ tí Gbénga bá wá nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi òwú nu ọwọ́ aṣọ Gbénga, ó rẹ òwú náà sínú ásíìdì, ó fọ́n ọn síná. Ìlà náà fò bí ẹni tí iná jó.

"Ọ̀dà ọkọ̀ yẹn ni! Òjé lò ń fà símú! Fiṣẹ́ yẹn sílẹ̀, Gbénga."

"Kí n wá máa jẹ kí ni?"

Ìyá Gbénga gbọ́, ó pe Mosúnmọ́lá láti Ìkirè. "Ọmọbìnrin, ṣé o fẹ́ fẹ́ ọmọ mi ni, àbí o fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Mà, ọmọ yín láàyè ni mo fẹ́ fẹ́. Bó bá jẹ́ owó oṣù lẹ fẹ́, ẹ lọ fẹ́ ọ̀gá rẹ̀!"

Gbénga gbọ́, ó bínú, kò wá mọ́. Ẹ̀rọ sì mọ́ tónítóní. Dókítà Belema ń yọ̀. Mosúnmọ́lá kórìíra mímọ́ náà. Bí ilẹ̀kùn bá dún, ojú ìlà ló ń kọ́kọ́ wò, ó ń bẹ̀rù kó fò, ó ń bẹ̀rù kó má fò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìlà náà sùn lọ gbọọrọ, ẹnì kan sì húkọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti dúró síbí."

"Irọ́ ni! Ẹ̀rọ ì bá ti sọ fún mi."

Gbénga na ọwọ́ aṣọ tuntun sí i. "Mo ti fi Onne sílẹ̀. Mò ń bá wọn ta wáyà iná lọ́jà Mile One. Owó ibẹ̀ ò tó nǹkan. Màámi ní kí n sọ fún ọ pé àwọn ò fẹ́ ọ̀gá kankan, ọmọ àwọn làwọn fẹ́."

Ẹ̀rín àti ẹkún jọ gbá Mosúnmọ́lá mú. "Òjé tó ti wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ ńkọ́?"

Gbénga ti ká ọwọ́ aṣọ náà dé ìgúnpá. "Ìyẹn ni mo ṣe wá. Wò mí."

Mosúnmọ́lá di apá náà mú, kò jẹ́ kó jókòó. "Ilé ìwòsàn lónìí. Lẹ́yìn náà, Ìkirè, kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ màmá wa."