Ẹni Ìdí Máńgòrò

Òótọ́ lọ̀rọ̀ yìí, ẹni tó bá wù kó rẹ́rìn-ín. Ọ̀sán gangan ló ṣẹlẹ̀, ní Òṣogbo níbí, oòrùn ń ràn. Ẹ má sọ pé oorun ló ń kun ẹnikẹ́ni.

Kàósárà, ọmọ Òkè-Baálẹ̀, ń jowú. Kí n má pa á mọ́. Òun àti Wúrà, ọmọ Iléṣà, ló jọ ń ṣèwádìí lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáṣínà. Ọkọ̀ kékeré kan ni wọ́n ń ṣe, tí yóò máa wa ara rẹ̀. Kàósárà ló ṣe ìjánu rẹ̀. Wúrà ló ṣe asẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe asẹ́ ògì o. Inú kọ̀ǹpútà ló wà. Nínú gbogbo ohun tí kámẹ́rà ọkọ̀ bá rí, asẹ́ á yọ eruku àti òjìji dànù, á fi ohun tó wà lóòótọ́ sílẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń mọ̀ pé èèyàn wà níwájú nìyẹn.

Bí àlejò bá dé, ta ni wọ́n ń yìn? Wúrà. "Asẹ́ yìí mà dára o!" Bẹ́ẹ̀, ìjánu ló ń dá ọkọ̀ dúró! Ó ń ta Kàósárà lára bí ata. Ẹnì kan ṣoṣo ni Ọ̀jọ̀gbọ́n sì máa mú lọ sí Japan.

Láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, Wúrà lọ ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì fún àwọn méjèèjì. Kàósárà ṣí kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà kan péré ló yí, kí asẹ́ má yọ nǹkan kan mọ́, kí ọkọ̀ máa bẹ̀rù eruku, kójú ti Wúrà. Owú kì í mọ ọ̀rẹ́. Nígbà tí Wúrà dé, Kàósárà jẹ ẹ̀wà tirẹ̀ tán.

Ọkọ̀ gbéra lórí pápá. Eruku fẹ́, ọkọ̀ ò dúró bí Kàósárà ṣe rò. Ó ń lọ jẹ́ẹ́. Ìdí máńgòrò kan létí pápá ló ti dúró.

Kò sẹ́ni níbẹ̀. Ewé ò mì. Ó dúró pẹ́, bí ẹni tó ń jẹ́ kí àgbà kọjá. Ó wá rọra yà, ó ń lọ.

"Kí ló yà fún?" Ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè.

Wúrà wo kọ̀ǹpútà. "Ẹnì kan ni, sà. Ó jọ obìnrin."

"Ta ni?"

Wúrà ń wo ìdí máńgòrò.

Kàósárà gba kọ̀ǹpútà náà. Ó ní òun fẹ́ wo bátìrì, ó sì dá nọ́ńbà padà síbi tó wà.

Àṣà wọn ni pé ẹni tó bá ṣe ọkọ̀ á fara rẹ̀ dán an wò, á dúró síwájú rẹ̀. Wúrà dúró, ọkọ̀ dúró. Ó kan Kàósárà.

Ọkọ̀ ń bọ̀. Kò dín eré kù. Kàósárà kígbe.

"Wúrà!"

Wúrà tẹ bọ́tìnì pupa. Ó ku díẹ̀ kí ọkọ̀ kan orúnkún Kàósárà.

"Ṣé ìjánu ni?" Ọ̀jọ̀gbọ́n sáré dé.

"Ìjánu mi ò ṣẹ̀, sà! Kò rí mi ni!"

Wúrà gbé kọ̀ǹpútà wá. Àwòrán Ọ̀jọ̀gbọ́n wà níbẹ̀. Ti Wúrà wà níbẹ̀. Ewúrẹ́ tó ń jẹko wà níbẹ̀. Ẹni ìdí máńgòrò wà níbẹ̀. Asẹ́ ò yọ ọ́. Níbi tí Kàósárà dúró sí, koríko nìkan ni.

"Súbúhánà-lláhì! Èmi rèé! Wúrà, ṣé o ò rí mi ni?"

"Mo rí ẹ," Wúrà sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọkọ̀ ni kò rí ẹ."

Kàósárà na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Nínú kọ̀ǹpútà, ẹni ìdí máńgòrò na tirẹ̀.

Apá ń ro Kàósárà, kò jẹ́ gbé e wálẹ̀. Ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá gbé tòun wálẹ̀, ẹni yẹn lè má gbé tirẹ̀ wálẹ̀.