Àpò Kejì

Aránṣọ tí kì í jí aṣọ oníbàárà, irú wọn ò pọ̀. Nígbà tí òṣìṣẹ́ láàbù kan wá gba ẹ̀wù iṣẹ́ funfun rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọbìnrin aránṣọ kan, ó bá ègé aṣọ tó ṣẹ́kù nínú ọ̀rá, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ti yín ni," ni aránṣọ wí. "Tó bá ya lọ́la, kí lẹ fẹ́ fi lẹ̀ ẹ́?"

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Ọkùnrin náà ń pè é ní Abẹ́rẹ́ mi. Òun náà ń pe ọkùnrin náà ní Aláṣọ Funfun.

Abẹ́rẹ́ jogún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, irú àrùn tí láàbù Aláṣọ Funfun sì ń wò nìyẹn. Wọ́n fa sẹ́ẹ̀lì tí ń bí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n pín in sí àpò méjì. Kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ti yọ oró rẹ̀ ni yóò gbé àbùdá rere wọ inú ti àkọ́kọ́. Èkejì yóò wà nínú yìnyín bó ṣe wà, nítorí oògùn líle kan ní láti kọ́kọ́ pa gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú eegun rẹ̀ kí wọ́n tó dá àpò àkọ́kọ́ padà sí i lára. Bí tuntun bá kọ̀ tí kò hù, àpò kejì ni ẹ̀mí rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ oògùn, ó bi olólùfẹ́ rẹ̀ pé àpò kejì ńkọ́.

"Ó wà níbẹ̀, Abẹ́rẹ́ mi. Fọkàn balẹ̀."

Ó fọkàn balẹ̀ lóòótọ́.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá, ẹ̀jẹ̀ tuntun ò yọjú. Dókítà ní kí wọ́n gbé àpò kejì wá. Ìgbà yẹn ni Aláṣọ Funfun jẹ́wọ́. Àbùdá ò wọ àpò àkọ́kọ́ dáadáa, ìyá ọkùnrin náà sì ti ní òun ò ní sún ọjọ́ ìgbéyàwó wọn síwájú mọ́ nítorí aláìsàn. Ló bá da èkejì pọ̀ mọ́ ọn kó lè tó, kò sọ fún ẹnì kan.

"O mọ̀, o sì jẹ́ kí n gba oògùn yẹn?"

"Torí mo fẹ́ràn rẹ ni."

Abẹ́rẹ́ kọjú sí ògiri. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju gbogbo ìrora eegun tó ti jẹ láyé lọ.

Ọlọ́run bá a ṣe é, ẹ̀jẹ̀ hù ní ọjọ́ kẹsàn-án sí ìgbà náà. Ìyá Abẹ́rẹ́ ń bẹ̀ ẹ́: ṣé ẹni tó wò ó sàn ló fẹ́ kọ̀?

"Màámi, ó wò mí sàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí mi ló fi ta tẹ́tẹ́, kò sì bi mí."

Nígbà tí Aláṣọ Funfun wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó bá aṣọ ìgbéyàwó tó ti gbé fún Abẹ́rẹ́ rán, ó ti parí, ó ti gba lílọ̀. Abẹ́rẹ́ gbé ègé tó ṣẹ́kù lé e lórí, títí dé èyí tó kéré jù.

"Ìṣẹ́kù yín nìyí," ni ó wí. "Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀."