Ọbẹ̀ Mọ́, Abọ́ Ò Mọ́

Ṣíbí ọbẹ̀ kẹta ni aránṣọ kan gbé sẹ́nu tí ọ̀fun rẹ̀ fi dí. Ètè rẹ̀ wú. Ó ṣubú lẹ́bàá tábìlì, wọ́n sì sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Gbogbo ẹbí ló mọ̀ pé ẹ̀pà ò bá a lára mu rárá.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ obìnrin tí wọ́n ń pè ní Afẹ̀sọ̀ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọkọ aránṣọ, torí òun ló se ọbẹ̀.

"Ṣé ẹ ò fi ẹ̀pà sí i?"

"Ẹ̀pà kì í wọlé yìí, mà. Ìkòkò kan náà sì ni àbúrò ẹ̀ ti bu ọbẹ̀ fún gbogbo wa, èmi àti òun náà sì jẹ ẹ́."

Afẹ̀sọ̀ṣe gbóòórùn abọ́ igi mẹ́ta tó wà lórí tábìlì. Ti aránṣọ nìkan ló ń rùn bí òróró ẹ̀pà.

"Ta ló ni àwọn abọ́ yìí?"

"Èmi ni mo rà wọ́n fún wọn," àbúrò aránṣọ dáhùn. "Láàárọ̀ yìí ni mo gbà wọ́n lọ́wọ́ agbẹ́gi, mo sì kó wọn wá síbí tààrà."

Ọkọ aránṣọ fajú ro. "Àbí agbẹ́gi yẹn ló fẹ́ pa ìyàwó mi?"

Afẹ̀sọ̀ṣe gbé abọ́ náà lọ sọ́dọ̀ agbẹ́gi.

"Ìda oyin nìkan ni mo fi ń pa wọ́n," ọkùnrin náà ní. "Òróró ẹ̀pà kì í gbẹ nínú igi, ńṣe ló máa ń kan. Ẹni tí ẹ̀pà ò bá sì bá lára mu, ewu ni fún un." Ó dojú abọ́ kọ ìmọ́lẹ̀. "Orí ẹ̀rọ tó ń yí ni mo ti ń fi sáńpépà ha tèmi. Ipa rẹ̀ máa ń yí po ni. Eléyìí lọ gbọọrọ. Ẹnì kan ló fọwọ́ ha ìda kúrò, kí òróró lè wọnú igi."

"Ìgbà wo lẹ tà wọ́n?"

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Afẹ̀sọ̀ṣe padà, ó jókòó ti àbúrò aránṣọ.

"O ní àárọ̀ yìí. Agbẹ́gi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìwọ lo ha á, ìwọ lo fi òróró pa á, ìwọ náà lo gbé e síwájú ẹ̀gbọ́n ẹ."

Obìnrin náà jẹ́wọ́.

"Òun ló lọ sọ fún àwọn àna mi pé n kò lè bímọ. Wọ́n ní àwọn ò ṣe ìgbéyàwó náà mọ́. Mo kàn ní kó ṣàìsàn díẹ̀ ni."

"O mọ̀ pé ó lè kú."

Obìnrin náà béèrè pé, "Ṣé ó ti lajú?"

"Ó ti lajú. Kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní àfi tí àbúrò òun bá gbé e wá."