Ẹni Tí Ó Ń Fi Ẹnu Ṣẹ̀hìndèmí Jẹun

Ní ọdún kejì tí Dàhòmì gba òmìnira, ọkùnrin kan wà ní ìlú Kétu tí ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi máa ń dúró wò ó lẹ́nu iṣẹ́. Ṣẹ̀hìndèmí ni orúkọ rẹ̀. Pákó ni ó ń là. Ó ní ìyàwó kan, Victorine, àti ọmọbìnrin kékeré kan tí ń jẹ́ Huguette.

Ní ọdún náà, ìròyìn kàn pé àwọn ọkùnrin alágbára yóò díje irin gbígbé ní pápá ilé ìwé lọ́jọ́ àjọ̀dún òmìnira. Bàbá Sàká, tí ó ti ṣe sójà lọ́dọ̀ àwọn Faransé, ni ó ń kọ́ àwọn tí ó fẹ́ díje, Ṣẹ̀hìndèmí sì wà lára wọn. Ó wá ọ̀pá irin láti ara ọkọ̀ ńlá kan tí ó ti kú, ó po sìmẹ́ǹtì sínú agolo ńlá méjì, ó sì jẹ́ kí ó gan mọ́ ọ̀pá náà ní orí méjèèjì. Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Àbámẹ́ta ni wọ́n ń gbé e. Ó kọ ètò fún olúkúlùkù sínú ìwé: iye ìgbà tí yóò gbé irin, ọjọ́ tí yóò sinmi, àti ìwọ̀n oúnjẹ tí yóò jẹ. Ó ní ẹni tí kò bá lè kó ẹnu ara rẹ̀ níjàánu, kí ó má wulẹ̀ fọwọ́ kan irin òun.

Ọ̀rọ̀ yìí bá Ṣẹ̀hìndèmí níbi tí ó ń dùn ún, nítorí ó ní ohun kan tí ó ń bò mọ́lẹ̀.

Níṣojú ènìyàn, díẹ̀ ni ó ń jẹ. Bí Victorine bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, yóò jẹ òkèlè mẹ́rin, yóò ṣanwọ́, yóò ní ètò òun kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ mìíràn, kò ní fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀sán, tí Victorine ti lọ sí ọjà, tí ilé sì dá, yóò wọ inú àká lẹ́yìn ilé, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ń kó gàrí àti kúlíkúlí tí ó ń tà sí. Yóò jẹ kúlíkúlí bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Yóò po gàrí, yóò mu ún, yóò tún po òmíràn. Ebi kò ní pa á mọ́, oúnjẹ kò ní dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò ní dúró. Ìgbà tí ikùn bá le bí òkúta, tí kò lè mí délẹ̀ mọ́, ni yóò tó ṣíwọ́. Yóò nu ẹnu, yóò gbá eérún ilẹ̀, yóò sì búra pé ó tán lónìí. Lọ́jọ́ kejì yóò fi ebi jẹ ara rẹ̀ níyà. Lọ́jọ́ kẹta yóò tún bá ara rẹ̀ nínú àká.

Kò pẹ́ tí Victorine fi fura. Ó ní ọ̀nà tí ó máa ń gbà so okùn agbọ̀n kúlíkúlí rẹ̀, ó sì rí i pé ẹlòmíràn ti tú u, ó sì tún un so.

Ó ní, "Bàbá Huguette, ẹnì kan ń wọ àká wa."

Ṣẹ̀hìndèmí kò ṣẹ́jú. Ó ní, "Ìyá Jọkẹ́ ni ara ń fu mí sí."

Ìyá Jọkẹ́ ni opó àbúrò bàbá rẹ̀. Yàrá rẹ̀ kò jìnnà sí àká, òun nìkan ni ó sì sábà máa ń wà nílé lọ́sàn-án. Láti ọjọ́ náà, Victorine kò fi oúnjẹ rán Huguette sí i mọ́. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ìyá arúgbó náà. Bí ó bá kọjá lẹ́bàá àdògán, ẹnì kan yóò ṣí ìkòkò wò lẹ́yìn rẹ̀.

Láàárín àkókò yìí, irin bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ fún Ṣẹ̀hìndèmí. Èyí tí ó máa ń gbé lẹ́ẹ̀mẹjọ, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni agbára rẹ̀ ń gbé mọ́. Bàbá Sàká wo ìwé, ó wo ojú rẹ̀, ó sì bi í bóyá ó ń tẹ̀lé ètò. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Désiré, tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, tí àwọn méjèèjì jọ ń gbé irin, náà ń wò ó. Ìyẹn náà ba Ṣẹ̀hìndèmí lẹ́rù. Kí ni Désiré ń wò? Àbí òun ni ó ń fi nǹkan sára irin?

Níbi tí ó ti ń ro èyí ni ó gbọ́ pé ẹni tó ní oògùn lè máa fi ẹnu ẹlòmíràn jẹun. Ó di ọ̀rọ̀ náà mú ṣinṣin, nítorí bí kì í bá ṣe òun ni ó ń jẹ, a jẹ́ pé òun kò jẹ̀bi. Ó lọ sí abúlé kan lọ́nà Adakplamè, wọ́n ṣe oògùn ìgbàdí fún un tí yóò lé ẹni náà, ó sì so ó mọ́ ìdí. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó wà nínú àká. Nígbà tí ìgbàdí fún un mọ́ ikùn, ó tú u, ó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó sì ń jẹun lọ.

Ìfura kò dúró lórí Ìyá Jọkẹ́ nìkan mọ́. Ṣẹ̀hìndèmí ń mú kí Victorine kọ́kọ́ tọ́ ọbẹ̀ wò kí òun tó jẹ ẹ́. Huguette gbé omi wá fún un, ó da á nù lójú ọmọ náà.

Níkẹyìn, ó gbé ẹjọ́ Ìyá Jọkẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ilé. Wọ́n ní kí ìyá náà máa lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Odomèta. Ìyá Jọkẹ́ kò bá wọn jiyàn. Nígbà tí ó di ẹrù rẹ̀ tán, Ṣẹ̀hìndèmí ni wọ́n ní kí ó bá a gbé e rù. Ìyá náà rọra sọ fún un pé:

"Mo rí ọ nínú àká, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Mo rò pé wàá sọ ọ́ fúnra rẹ ni."

Ṣẹ̀hìndèmí gbé ẹrù náà lé e lórí. Ìyá Jọkẹ́ sì lọ.

Láti ìgbà náà, kò ní ìsinmi mọ́. Bí ènìyàn méjì bá ń rẹ́rìn-ín ní ìta, ó rò pé òun ni wọ́n ń sọ. Kúlíkúlí sì ń dínkù síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Jọkẹ́ kò sí nílé mọ́. Victorine rí i. Ọkọ rẹ̀ ni ó ń wò báyìí.

Lọ́jọ́ ìdíje, Ṣẹ̀hìndèmí ti wọ àká láàárọ̀. Nígbà tí ó kàn án, ó lóṣòó, ó gbé irin dé àyà. Bí ó ti fẹ́ tì í gòkè, ojú rẹ̀ ṣú, ìgbàdí já, irin sì já lé egungun èjìká rẹ̀. Ó ṣubú, ó sì ń bì. Gàrí àti kúlíkúlí ni ó bì sílẹ̀ níṣojú gbogbo ìlú. Victorine wà láàárín àwọn èrò. Ó wo ohun tí ó wà nílẹ̀, ó fi ìborùn bo ojú.

Désiré ni ó kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ wò ní ilé ìwòsàn. Ṣẹ̀hìndèmí kò kí i. Ó bi í pé ta ni ó rán an wá.

Désiré ní, "Kò sí ẹni tó rán mi. Ọtí ni tèmi. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ń tọ́jú rẹ̀ sí, mo sì ń sọ pé àbúrò mi ni ó ń mu ún. Mo búra títí ó fi sú mi. Ọjọ́ tí mo sọ fún Jésù pé èmi ni, ọjọ́ náà ni ìrànlọ́wọ́ dé."

Ṣẹ̀hìndèmí ní, "Tèmi yàtọ̀. Ẹnì kan ni ó ń fi ẹnu mi jẹun."

"Ta ni?"

Omi ti dà lójú Ṣẹ̀hìndèmí nígbà tí ó sọ pé, "Èmi ni."

Nígbà náà ni Désiré sọ fún un pé Jésù rí i nínú àká ní gbogbo ọ̀sán wọ̀nyẹn, kò sì torí rẹ̀ kọ̀ láti kú fún un lórí igi àgbélébùú. Ó ní ẹ̀bi tí ó dì ru ìyá arúgbó, Jésù ni ó lè gbé e kúrò. Lórí ẹní ilé ìwòsàn yẹn, Ṣẹ̀hìndèmí jẹ́wọ́ ohun gbogbo fún Ọlọ́run, ó sì fi ayé rẹ̀ lé Kírísítì lọ́wọ́.

Kí èjìká rẹ̀ tó san, ó ti fi ẹsẹ̀ rìn dé Odomèta. Ìyá Jọkẹ́ rí i. Ó ní, "Ta ni o tún fẹ́ kó bá báyìí?"

Ṣẹ̀hìndèmí dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan. Ó ní kí ó wá gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu òun níwájú gbogbo ilé. Ìyá náà kò tẹ̀ lé e lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ó dé. Ó jókòó síwájú àwọn àgbà, Ṣẹ̀hìndèmí sì jẹ́wọ́. Ìyá Jọkẹ́ ní kí ó tún un sọ, nítorí àwọn kan nínú ilé náà kì í gbọ́ràn dáadáa. Ó tún un sọ. Ìyá náà bá dìde, ó wọ yàrá rẹ̀.

Èmi kò ní purọ́ fún ọ. Ohun tí ń fà á lọ sí àká kò kúrò lọ́jọ́ kan. Désiré ní kí ó má fi ebi pa ara rẹ̀ mọ́, kí ó máa bá ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ jẹun láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Bí ohun náà bá dé, yóò jáde kúrò nílé lọ sọ́dọ̀ Désiré, yóò sọ ọ́ síta, wọn yóò sì gbàdúrà. Ó tún wọ àká lẹ́ẹ̀mejì ní oṣù àkọ́kọ́. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ó sọ fún Victorine kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí ó padà sídìí irin, ọ̀pá lásán ni Bàbá Sàká kọ́kọ́ gbé fún un. Kò tijú láti gbé e.

Ìwọ tí ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé o ń fura sí mi, pé ta ni ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún mi. Kò sí ẹni tí ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Ó lè má jẹ́ oúnjẹ. Ó lè jẹ́ ọtí, tàbí obìnrin, tàbí ohun tí o so mọ́ ìdí lábẹ́ aṣọ. Ta ni o dì í rù? Ta ni ó fi ilé sílẹ̀ nítorí rẹ? Kí oòrùn òní tó wọ̀, sọ fún Jésù pé, "Èmi ni." Kò ní lé ọ. Lẹ́yìn náà, dìde, kí o sì lọ pe ẹni tí o lé jáde padà wá sílé.