Báàgì Tí Kò Tó Kílò Kan

Morádéún gbé báàgì aláwọ̀ eérú kan pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn kí oníbàárà kankan tó wọlé.

Ìyá rẹ̀ ló ń ṣa ọ̀kìrìkà fún Ìyá Zulfah ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Liverpool Road, ní Àpápá. Bí wọ́n bá fẹ́ tú bẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ìdì ọjà ńlá, àwọn oníbàárà á ti kọ orúkọ sílẹ̀. Bí orúkọ bá ṣe tẹ̀ léra ni wọ́n á ṣe wọlé wá yàn. Ẹni tó ń ṣa ọjà kò gbọdọ̀ yan ohunkóhun kí oníbàárà tó yàn tán. Morádéún, tó wá ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ní Sátidé tí wọ́n tú bẹ́ẹ̀lì báàgì, mọ òfin náà láti kékeré.

Òkè ló fà á. Ọ̀gbẹ́ni Níyìọlá, tó ń kọ́ wọn ní Jọ́gíráfì ní Ajégúnlẹ̀, fẹ́ kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà lọ gun òkè tó ga jù lọ ní Nàìjíríà. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọn yóò fi rìn, olúkúlùkù ni yóò sì gbé oúnjẹ àti omi rẹ̀. Ó là á sílẹ̀ pé ẹni tí báàgì rẹ̀ bá wúwo ju kílò kan lọ lófìfo kò ní bá àwọn lọ. Ẹni méjì ni kò tíì rí báàgì: Morádéún àti Kenechukwu.

Morádéún kò tíì gun ohun tó ga ju afárá lọ rí. Nígbà tó gbé báàgì yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé òun gbé nǹkan. Aṣọ rẹ̀ tín-ín-rín, kò sí irin nínú rẹ̀, bẹ́líìtì ìbàdí rẹ̀ fẹ̀, ó sì rọ̀. Ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Ariwo tírélà tó wà níta jìnnà sí i. Lójú inú rẹ̀, ó ti wà lórí òkè: kùrukùru bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Koríko tutù. Ìsàlẹ̀ òkè kò hàn mọ́, kò sì sí ẹni tó ń pè é. Nígbà tó bọ́ báàgì náà, kò dá a padà sáàárín àwọn yòókù.

Orúkọ Kenechukwu ló ṣáájú nínú ìwé.

"Ìwọ náà fẹ́ gun òkè?" ni ó wí bó ti wọlé. "Ìwọ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn kíláàsì!"

"Lọ yan tìẹ, jàre. Ẹnu ẹ nìkan ló ń gun òkè."

Kenechukwu mú ìwọ̀n kékeré kan wá. Ó fi báàgì kọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Kílò kan àbọ̀ ni eléyìí tó fúyẹ́ jù. Mọ́ńdè ni wọ́n máa wọ̀n ọ́n. Morádéún, ṣé kò sí òmíràn mọ́ ni?"

"Gbogbo ẹ̀ nìyẹn."

Ó jáde lọ́wọ́ òfo.

Nígbà tí àwọn oníbàárà lọ tán, Ìyá Zulfah ka èyí tí wọ́n rà mọ́ èyí tó kù.

"Ìyá Morádéún, ọgọ́rin ni wọ́n kọ sára bẹ́ẹ̀lì. Mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mo rí. Èmi fúnra mi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó gbé èyí tí mi ò rí jáde."

Ìyá rẹ̀ dìde.

"Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mú un. Ọmọ mi náà ò mú un. Mo mọ ọmọ tí mo bí."

"Ó ti tó. Bí ẹ ti sọ ọ́ yẹn, mo gbà."

Morádéún ń gbọ́ wọn bí ẹni tó wà lórí òkè ṣe ń gbọ́ àwọn tó wà nísàlẹ̀. Bó bá dákẹ́, báàgì di tirẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀. Obìnrin náà kò tilẹ̀ wojú rẹ̀ kó tó búra. Kò rò pé ó yẹ kí òun bi í.

Ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé báàgì náà jáde.

"Èmi ni mo gbé e pamọ́, mà."

Ìyá rẹ̀ jókòó.

"Mo mà ti búra," ni ó wí.

Ìyá Zulfah pe Kenechukwu padà. Kenechukwu wọn báàgì náà: kò tó kílò kan. Ó gbé e lọ, kò sì bá Morádéún ṣe àwàdà kankan.

Morádéún sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ kó tó sọ ọ́. Ẹni tó bá mú ohun tí kò tíì kàn án ń ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́, ó sì ń ba orúkọ ẹni tó gbà á gbọ́ jẹ́ pẹ̀lú.

Akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ló lọ gun òkè.

Ìyá Zulfah kò lé ìyá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Fún ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń bá a ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó yẹ àpò obìnrin náà wò rí. Láti Sátidé yẹn, kó tó lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́, ó ń ṣí i fúnra rẹ̀ lórí tábìlì kí Ìyá Zulfah lè wo inú rẹ̀.