Ilẹ̀kùn Nìkan Ló Dá Mi Lóhùn

"Mutmainnah, orin tìẹ ńkọ́?"

Ma'am Damaris ló bi mí bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo kíláàsì. Ọmọ Nàìjíríà bíi tèmi ni wọ́n, àwọn ló ń kọ́ wa lórin níléèwé wa ní Auckland Park, ní gúúsù Áfíríkà níbí.

"Ó ku díẹ̀, mà."

Irọ́ ni. Kò sí nǹkan kan ńlẹ̀. Kálukú máa ṣe orin tuntun tara ẹ̀, àwọn márùn-ún tó bá dáa jù á lọ kọ tiwọn ní gbọ̀ngàn kan ní Newtown. Màmá mi, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ti pààrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ torí ẹ̀. Ohùn mi dáa o, àmọ́ mi ò mọ gìtá ta, mi ò mọ dùùrù tẹ̀.

"Níbo lo wá fẹ́ rí orin, ṣé inú afẹ́fẹ́ ni?" Bólúwají, ọmọ kíláàsì wa tó ń ta gìtá, ló sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tá a jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó rí ojú mi, ó ní, "Eish, má sunkún. Mo ní ọ̀kan tí mi ò lò. Gbà á, sọ pé ìwọ lo ṣe é."

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Oṣù kẹjọ rèé tí mo ti Ìwó dé, mi ò tíì ní ọ̀rẹ́. Àjà kẹjọ là ń gbé ní Braamfontein. Tí mo bá dé láti iléèwé, màmá mi á ti lọ síbi iṣẹ́. Mo máa ń kí àwọn tí mo bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, fóònù ni wọ́n á máa wò. Ìgbà tẹ́nì kan wá bá mi sọ̀rọ̀, mi ò lè kọ̀.

"Shap, ó dáa nìyẹn," ni Bólúwají wí, ó fi orin náà ránṣẹ́ sí mi.

Ọjọ́ tí mo kọ ọ́, Ma'am Damaris ń mirí. "Ó dùn. Àmọ́ ìparí ẹ̀ ga jù fún ẹ. Yí ibẹ̀ padà díẹ̀ kí n gbọ́."

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ṣe orin yẹn, báwo ni mo ṣe fẹ́ yí i? Mo bojú wẹ̀yìn wo Bólúwají. Ma'am náà wo ibi tí mò ń wò.

"Ta ló ṣe orin yìí?"

"Òun ni, mà."

Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn fagi lé orúkọ mi, wọ́n fagi lé tiẹ̀ náà. Àtọjọ́ yẹn, Bólúwají ò kí mi mọ́.

Mo pe màmá àgbà mi ní Ìwó, mo ń sunkún.

"Ta ló fi dùùrù kọ́ mi?" ni wọ́n wí. "Táwọn àlàájì bá ti Mẹ́kà dé, èmi ni mo máa ń léwájú orin wákà, ọwọ́ lásán là ń pa. Sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ bó o ṣe máa sọ ọ́ gan-an. Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tó bá dẹ̀ẹ̀kẹta, wàá rí i pé o ti ń kọrin. Kó o wá fàyè sílẹ̀ fún ẹlẹ́gbè."

"Màmá, kò sí ẹlẹ́gbè níbí."

"Ṣáà fàyè ẹ̀ sílẹ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíṣìnnì. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà tó dẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, bí èmi lórí àtẹ̀gùn:

Mo kí wọn lókè, mo kí wọn nísàlẹ̀,
Ilẹ̀kùn nìkan ló dá mi lóhùn.

Mo fi fóònù gbà á sílẹ̀ kó má bàa sá lọ. Mo pàtẹ́wọ́, mo fàyè ẹlẹ́gbè sílẹ̀. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

Mo kọ ọ́ fún Ma'am Damaris. Wọ́n ní kí n yí ìparí ẹ̀, mo yí i lójú ẹsẹ̀.

"Tìẹ rèé," ni wọ́n wí. "Àmọ́ àwọn márùn-ún ti pé."

Ọjọ́ Sátidé tó yẹ ká wà ní Newtown, ilé la wà. Mo ti jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ fún màmá mi. Wọ́n ń se ìrẹsì, wọ́n ní, "Ó dáa, kọ tìẹ fún mi."

Mo kọ ọ́. Mo débi àyè yẹn, mo ń pàtẹ́wọ́, mo dákẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe.

"Ilẹ̀kùn nìkan ló dá mi lóhùn," ni màmá mi gbè é. Wọn ò wò mí. Wọ́n dé ìkòkò, wọ́n ní, "Èmi náà máa ń kí wọn."

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ ò yẹ ọmọ èèyàn. Bí ò fúnni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń báni mu. Orin Bólúwají ṣo mí, ó já bọ́ lára mi lójú gbogbo kíláàsì. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má gba orin olórin torí pé ẹ dá wà. Tẹ́ ẹ bá kọ tiyín, ẹ fàyè sílẹ̀. Ẹlẹ́gbè yín lè wà nídìí ìkòkò ìrẹsì.